Irọ́ Tí Mo Pa fún Yín Nípa Ọmọ Ọba, Ìyàwó Rẹ̀ àti Ẹja Ṣáwá

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn mi nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́dún tó kọjá, ẹ ti mọ̀ mí. Èmi ni Foekje, opó Sibbe, tó ń ta ẹja ṣáwá ní èbúté Skarnoog. Mo sọ fún yín nígbà náà pé iwájú ìsọ̀ mi ni Ọmọ Ọba Hylke àti Jeltje, ọmọ onímàlúù láti òkè, ti kọ́kọ́ pàdé. Mo ní wọ́n jọ jẹ ẹja ṣáwá tútù, wọ́n wojú ara wọn, ìfẹ́ sì wọlé. Mo ní ẹja mi ló so wọ́n pọ̀.

Àwọn kan nínú yín kọ lẹ́tà sí mi pé ẹ sunkún. Ẹ ṣeun. Irọ́ ni mo pa.

Wọ́n pàdé níwájú ìsọ̀ mi lóòótọ́. Wọ́n ra ẹja lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé kò sí èyí tó jẹ ẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ ọba ju tirẹ̀ sí ẹyẹ etí òkun nígbà tí ọmọbìnrin náà yíjú. Ọmọbìnrin náà tu tirẹ̀ sínú áńkáṣíìfù nígbà tí ọmọ ọba yíjú. Wọ́n wá ń lá ètè. "Ó mà dùn o." "Kò sí irú ẹ̀." Mo rí gbogbo rẹ̀. Ojú ni mo fi ń tajà, kì í ṣe ẹnu nìkan.

Mo dákẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó. Mo wá kọ ọ́ síbí pé èmi ni alárinà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá kó ṣáwá tuntun wọ èbúté, gbogbo ìlú ló ń jáde. Tí ọmọ ọba bá ti gbéyàwó láàárín ọdún náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló máa jẹ ẹja àkọ́kọ́. Ẹja kan ṣoṣo, ní tútù, pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ọkọ á bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á jẹ ẹ́ títí ẹnu wọn á fi pàdé láàárín. Tí ẹja bá já bọ́, tàbí tí ẹnì kan bá tu ú, ìlú ò ní jẹ́ kó gbàgbé. Ọmọ ọba kan jẹ́ kí tirẹ̀ já bọ́ nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé. Orin tí wọ́n fi í kọ, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù sí ọjọ́ náà nígbà tí Jeltje gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá tí mo ti ń pa ẹja. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó fi ìborùn bo gbogbo ojú.

"Màmá Foekje, ẹ gbà mí."

"Kí ló dé, Olorì?"

"Mi ò lè jẹ ẹja ṣáwá. Òórùn ẹ̀ lásán, inú mi á ti máa ru. Hylke sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹ̀mí ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń ní kí wọ́n gbé e síwájú mi. Á máa wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Mo ń jù ú sápò."

"Àpò wo?"

"Àpò aṣọ mi. Obìnrin tó ń fọṣọ láàfin ti ń wò mí bákan."

Mo gé ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni màá máa wá. Ẹ má sọ fún ọkọ mi. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà, màá ní kí wọ́n gbé pátákó adé sórí ìsọ̀ yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pátákó adé jẹ́ fún mi. Ẹni tó bá ní i ni ààfin ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló wà ní èbúté wa, orí ìsọ̀ Aukje ló wà, ní òdìkejì mi gan-an. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Aukje ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, adé aláwọ̀ wúrà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rí, kí n tó rí òkun. Sibbe ọkọ mi wá a títí, ó kú láìní i.

Mo ní, "Olorì, mo ti pa ẹnu mi mọ́."

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ wá sẹ́yìnkùlé mi. Ó fa fìlà apẹja bo ojú. Ó bọ́ fìlà, Ọmọ Ọba Hylke ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àṣírí ni."

"Ẹ jókòó sórí korobá yẹn."

"Mi ò lè jẹ ẹja ṣáwá."

Mo di tábìlì mú.

"Jeltje fẹ́ràn ẹ̀ gan-an," ó ní. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ní kí wọ́n gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ ò lè gbà gbọ́ bó ṣe ń yá a lára. Màá ṣẹ́jú báyìí, àwo ẹ̀ á ti gbófo."

"Tiyín náà ńkọ́?"

"Ajá mi ń jókòó sábẹ́ tábìlì."

Ó bẹ̀ mí kí n kọ́ òun. Ó ní kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́. Òun náà tún ṣèlérí pátákó adé fún mi.

Ibí ni mo ti ṣẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: "Ìyàwó yín náà ò lè jẹ ẹ́." Wọn ì bá rẹ́rìn-ín lọ sílé. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀kọ́ tán, pátákó lọ. Gbogbo ìlú á tún mọ̀ pé ìtàn tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn, irọ́ gbuu ni. Ẹ jẹ́ kí n fi òótọ́ kan kún un: ó ń dùn mọ́ mi. Èmi tí wọ́n lé kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní kíláàsì kẹrin, ilé ọba wá ń ti ẹ̀yìnkùlé wọlé wá bá mi, lọ́kọláya, láìmọ ti ara wọn.

Mo ní, "Ọmọ Ọba, mo ti pa ẹnu mi mọ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ. Ọjọ́bọ̀, ìyàwó. Màá gé ẹja kéékèèké bí èékánná, màá fi àlùbọ́sà bò ó.

"Ẹ bá mi di imú mi mú," ọmọ ọba á ní.

"Ọwọ́ mi gan-an ló ń rùn, Ọmọ Ọba."

Jeltje ní tirẹ̀ máa ń di apá mi mú bí ẹni tó ń rọbí. Á gbé e mì, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa ka orúkọ àwọn màlúù bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

"Màmá," Jeltje bi mí, "ṣé ẹ máa ń rí Hylke ládùúgbò yìí? Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń jáde. Ó ní òun ń lọ gun kẹ̀kẹ́. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ nínú irú òjò yìí?"

"Mi ò rí i."

"Ó ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fẹnu kò mí lẹ́nu."

"Ìmọ́tótó ni, Olorì."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí korobá kan náà.

"Jeltje ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, ẹ ti gbọ́ ohùn ìyàwó mi rí?"

"Mo ti gbọ́ ọ."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló máa gbà á?"

Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo ní kò sí.

"Tó bá dé, lọ́fínńdà ló ń rùn láti òkè délẹ̀. Kí ló ń fi í bò?"

Òórùn àlùbọ́sà mi ló ń fi í bò. Mo mọ̀, mo sì ń pọ́n ọ̀bẹ mi.

Kò pẹ́, wọn ò jọ jẹun mọ́. Kò pẹ́ sí i, ọmọ ọba kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwòrán ilẹ̀ sí, ó ń sùn lórí àga. Òun ló sọ fún mi fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹja nígbà yẹn. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún ti ń tú lójú mi, mo sì mọ okùn tí mo lè fà kó má tú. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà wá wọn òkè ìsọ̀ mi fún pátákó. Mi ò fa okùn kankan.

Aukje ń wò mí láti fèrèsé rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó ti rí ọkùnrin gíga kan pẹ̀lú fìlà lójú tó ń yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rí kẹ̀kẹ́ náà, ó dá àmì ààfin tó wà lára rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ọmọ ọba ní obìnrin kan ní èbúté. Wọn ò dárúkọ.

Jeltje wá sọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀ yẹn pẹ̀lú ojú wíwú.

"Ó ní obìnrin níbí, Màmá. Wọ́n rí i tó gba ẹ̀yìn ilé ẹnì kan wọlé. Ẹ mọ gbogbo obìnrin èbúté yìí. Ta ni?"

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Eyín mẹ́rin ti kúrò lẹ́nu mi. Bàtà rọ́bà ni mo ń wọ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

"Kò sí ẹni tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ níbí, Olorì."

"Ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

"Màá ṣọ́ ọ," mo ní.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí fún ìyàwó ọmọ ọba pé màá máa ṣọ́ ara mi. Ó sunkún sí aṣọ iṣẹ́ mi. Ó ní, "Èmi ń jẹ ohun tí mo kórìíra jù láyé nítorí ẹ̀, òun sì ń wá ẹlòmíì kiri." Ó wá jẹ ìdajì ẹja pẹ̀lú omijé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Mo yìn ín. Ẹ má bá mi fojú kékeré wò ó: mo yìn ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọmọ ọba wà lórí korobá, ó gbé ẹja sí ẹnu fọ́ọ̀kì, ó ń mí sókè sódò. Ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Màmá Foekje, ẹ ṣílẹ̀kùn. Lónìí ni màá mú un. Fèrèsé yín ni màá ti máa wò."

Ojú ọmọ ọba funfun bí ikùn ẹja. "Jeltje nìyẹn. Kí ló ń wá níbí?"

"Wọ inú àgbá," mo ní. Mi ò rántí bọ̀wọ̀ fún un.

Àgbá tí mo fi ń rẹ ẹja sómi iyọ̀ ni. Ọmọ ọba ga jù fún un. Ó ká ẹsẹ̀, ó ká ọrùn, ọmọrí ò sì bò ó. Mo jókòó lé ọmọrí.

Jeltje wọlé, ó lọ tààrà síbi fèrèsé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó yíjú sí mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Kó tó fèsì, ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Aukje ló wọlé, obìnrin tí kò tẹ ilẹ̀ mi láti ọdún mọ́kànlá. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú àárọ̀, Olorì. Ẹ kúrò ní fèrèsé. Inú ilé yìí ló wà. Ìṣojú mi ló wọlé."

"Ta ni obìnrin náà?"

Aukje na ìka sí mi.

Jeltje wò mí láti bàtà rọ́bà dé sikáàfù. Ó tún wò mí padà, láti sikáàfù dé bàtà.

"Màmá Foekje?"

"Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Aukje wí. "Kì í sì í tètè jáde."

"Aukje, orí ẹ ti dàrú," mo ní.

"Tó bá dàrú, dìde lórí àgbá yẹn."

Mi ò dìde. Àgbá ló gbé mi dìde. Ọmọ ọba ò lè mí mọ́, ó ti ọmọrí pẹ̀lú orí rẹ̀, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlùbọ́sà. Ó yọ jáde, omi iyọ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìpẹ́ ẹja wà nínú irun rẹ̀. Fọ́ọ̀kì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jeltje, mo lè ṣàlàyé."

"Màmá Foekje, Hylke? Màmá Foekje?"

"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja ni."

"Ìwọ tó o fẹ́ràn ẹja jù mí lọ?"

"Mo kórìíra ẹ̀. Ajá ló ń jẹ tèmi. Torí ìwọ ni mo ṣe ń fara dà á."

Jeltje fi ọwọ́ kan orí.

"Èmi náà kórìíra ẹ̀," ó ní.

"Àwo ẹ máa ń gbófo."

"Àpò mi ló ń lọ."

"Ọjọ́bọ̀ wá ńkọ́? Ẹgbẹ́ akọrin?"

"Ibí ni. Korobá yẹn."

Wọ́n wo korobá. Ni ẹ̀rín bá gbé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ nínú omi iyọ̀ tó dà sílẹ̀. Aukje pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi náà wá rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe, torí bí Jeltje ṣe gbọ́ ẹ̀rín mi ló dá tirẹ̀ dúró.

"Ẹ mọ̀," ó ní. "Àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti mọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àlùbọ́sà nílẹ̀.

"Mo sunkún sí yín láyà. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣọ́ obìnrin náà."

"Mo ṣọ́ ọ, Olorì."

Ọmọ ọba gé ètè jẹ. Jeltje ò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi ti ń sùn lórí àga. Mo ti di ẹrù mi láti padà sílé bàbá mi. Kí lẹ rí gbà nínú ẹ̀?"

Ọwọ́ ni mo fi júwe. Mo júwe òkè ìsọ̀, ibi tí káfíńtà fi ẹfun sàmì sí. Mo ti fi òṣùwọ̀n rẹ́ oníbàárà jẹ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ojú ò tì mí. Lọ́jọ́ yẹn ojú tì mí.

Ọjọ́ ẹja àkọ́kọ́ dé. Èbúté kún dẹ́nu omi. Bàbá Wybren, àgbà àwọn apẹja, gbé ẹja náà wá lórí àwo fàdákà. Jeltje di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó dojú kọ ìlú.

"Èmi àti ọkọ mi ò lè jẹ ẹja ṣáwá. A ti purọ́ fún ara wa fún ọdún kan. A ò ní pa á fún yín."

Ìlú kùn. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló wá fẹ́ jẹ ẹ́?"

Bàbá Wybren fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní àwọn àgbà sọ pé tí tọkọtaya ò bá lè jẹ ẹ́, alárinà wọn á jẹ ẹ́ fún wọn, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yàn tì í.

Jeltje fa ìwé kan yọ. Ìwé ìròyìn yìí ni, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ti ọdún tó kọjá.

"Alárinà wa ń bẹ níbí. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ojú ìwé kẹrìnlá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi. Mo jáde.

"Ẹni kejì ńkọ́?" Bàbá Wybren bi wọ́n.

"Ẹni tó ta gbogbo ìlú lólobó pé mo ní obìnrin," ni ọmọ ọba wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí Aukje. "Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yìí ni."

Èmi di ọrùn ẹja mú pẹ̀lú eyín tó kù sí mi lẹ́nu. Aukje di ìrù mú. A káwọ́ sẹ́yìn. Ìlú ń ka iye ìgbà tí a bù ú jẹ. Ojú Aukje ń sún mọ́ mi, ó ń tóbi sí i, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀ eérú ni ẹyinjú rẹ̀. Mo gbàdúrà kó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé àdúrà tòun náà nìyẹn. Kò sí èyí tó fẹ́ kó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òun, la bá jẹ ẹ́ dé àárín.

Ìlú ju fìlà sókè. Aukje fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Iyọ̀ ẹ̀ ò tó," ó ní.

Wọ́n ti gbẹ́ pátákó adé tán. Jeltje ní kí wọ́n kàn án sórí ìsọ̀ ẹni tó ń din ànàmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹ nìyẹn. Adé méjì ló ń wò mí láàárọ̀ báyìí.

Mo lọ bẹ Jeltje lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ọkọ bá sọ tirẹ̀ fún yín, tí ìyàwó sì sọ tirẹ̀, tí ẹ sì rí i pé ilé ń bàjẹ́, ẹ tú u jáde kó tó di pé wọ́n di ẹrù. Ẹ má ro ohun tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí mo ṣe pinnu láti máa gbé ayé mi láti ìgbà náà nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Jeltje wọlé, òun nìkan. Ó jókòó sórí korobá.

"Màmá, ẹ fún mi ní ẹja ṣáwá kan."

"Tútù?"

"Tútù. Pẹ̀lú àlùbọ́sà."

Ó jẹ ẹ́ láti orí dé ìrù. Ó ní kí n tún fún òun ní òmíràn. Ó jẹ mẹ́ta, ó lá ìka, kò ka orúkọ màlúù kankan. Mo ti bímọ mẹ́rin, mo mọ irú ebi bẹ́ẹ̀. Mo jókòó.

"Ẹ má tíì sọ fún Hylke," ó ní. "Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ sọ fún un fúnra mi."

Ó lọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi. Mo rántí ìpinnu mi. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo gba ààfin lọ lọ́sàn-án gangan, mo bá ọmọ ọba níbi tó ti ń fọ kẹ̀kẹ́.

"Ọmọ Ọba," mo ní, "ìyàwó yín ti ń jẹ ẹja ṣáwá."

Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kánrinkán já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀.

Jeltje ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ń sùn dáadáa.